Bísíkí Kò Ní Padà sí Jéléósinmi Yẹn

Fọláṣadé Àdùkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìrìn. Ara mi le. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń dùn mí ti fúyẹ́ díẹ̀. Ajá rẹ jẹun láàárọ̀ yìí, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún lá abọ́. Ìkíni parí síbẹ̀, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Dádì ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo pè ọ́ lánàá, o ní o wà ní mítìn. Mo tún pè ọ́, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nígbà tí o wá ráyè, ohun tí o sọ kò ju èyí lọ: "Dádì, wọ́n ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Màá wá mú Bísíkí ní Sátidé, kó lè padà síbẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ajá lásán náà ni, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀." O sì gé e. Lẹ́tà ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. O máa kà á dópin, o ò sì ní lè já lu ọ̀rọ̀ mi títí tí màá fi sọ tẹnu mi tán.

Ajá lásán! Ṣé ẹnu rẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde? Ìwọ tí o fi ìgò fídà bọ́ ọ ní mílíìkì nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí ojú rẹ̀ ò tíì là dáadáa? Ìwọ lo wò ó títí, tí o ní àwọ̀ rẹ̀ jọ bísíkíìtì tí à ń rẹ sínú tíì, tí o fi sọ ọ́ ní Bísíkí. Mo ní kí o sọ ọ́ lórúkọ tó nítumọ̀ bí àwọn bàbá wa ti máa ń ṣe, kí n lè máa fi orúkọ ajá bá aládùúgbò wí, o kọ̀. Ẹni tó fúnra rẹ̀ fún nǹkan lórúkọ kì í pè é ní lásán.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó jọ pé àwọn tó wá bẹ̀ ọ́ ti bẹ̀ ọ́ dé ibi tí o fi gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí o ríṣẹ́ sí Yábà, tí ò ń jáde nílé ní ìdájí, tí ò ń wọlé nírọ̀lẹ́, onílé rẹ ní ajá rẹ ń gbó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. O wá sọ fún mi pé ibì kan wà ní Sùúrùlérè tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ajá títí onítọ̀hún fi máa tibi iṣẹ́ dé. Mo rẹ́rìn-ín, mo pè é ní jéléósinmi ajá, orúkọ yẹn la sì ń pè é títí di òní. Ṣùgbọ́n èrò náà dùn mọ́ mi nínú. Kò dáa kí a ti ohun ẹlẹ́mìí mọ́ yàrá kan láti òwúrọ̀ di alẹ́. Mo ní kí a jọ lọ wo ibẹ̀.

A débẹ̀. Wọ́n kun géètì, wọ́n tẹ́ táìsì, fáànù ń fẹ́, àwòrán ajá kún ara ògiri. Káyọ̀dé tó ni ibẹ̀ wọ kóòtù funfun, àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ kò lọ ilé ìwé dókítà ẹran kankan. Bó ṣe fojú kàn mí báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù funfun yẹn, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Iléṣà ni mí, ó pariwo, "Háà! Ọmọ Ọbọkún! Dádì, Iléṣà ni bàbá tèmi náà ti wá!" Ó gbé àga fún mi, ó ṣí ìgò mọ́ọ̀tì tútù. Mo sọ fún ọ lójú ẹ̀ níbẹ̀ pé, "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí."

Àdùkẹ́, ohun tó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Wolé-wolé ni bàbá rẹ! Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Muṣin, mi ò jẹ́ kí iwájú ilé ẹnikẹ́ni tàn mí jẹ. Iwájú ilé, onílé ló ń gbá a de wolé-wolé. Ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà wọlé, ibi tí wọ́n ń da omi ìdọ̀tí sí, abẹ́ àmù, ìdí sálańgá. Obìnrin kan wà tó máa ń gbá iwájú ilé rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi máa dán, a ṣí àmù rẹ̀ lẹ́yìn, tanwíjí ń jó nínú ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó pe orúkọ ìlú mi, mo jókòó pẹ̀sẹ̀, mo ń mu mọ́ọ̀tì. Mi ò dé ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tì pa, mi ò béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ká ní ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lásán bí àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ni, inú á bí mi, màá sì tú ilé náà wò dé orí òrùlé.

Àwa nìkan ni irú èyí máa ń ṣe. Bí ẹnìkan bá ti mọ ìkí kí, tó mọ ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, a ti parí àyẹ̀wò nìyẹn, a ti ní ọmọlúàbí ni. Ìdọ̀bálẹ̀ dára, mi ò sì ní kí o má kọ́ ọmọ tí o bá bí. Ṣùgbọ́n èmi ló dọ̀bálẹ̀ fún, kì í ṣe Bísíkí. Nítorí náà, èkíní nìyí: bí o bá ń wá ẹni tó máa tọ́jú ajá rẹ, má wo bó ṣe kí ọ, wo bó ṣe kí ajá. Ṣé ó tẹ̀ ba kó jẹ́ kó gbóòórùn ọwọ́ òun? Ṣé ó béèrè orúkọ rẹ̀, ohun tó máa ń jẹ, ohun tó ń bà á lẹ́rù? Káyọ̀dé ò wo Bísíkí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ yẹn. Ojú wa méjèèjì là ń fi rí i, a ò sì rí i.

Èkejì. Ilé tó dáa máa kọ́kọ́ fura sí ọ. Á ní kí o mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá rẹ wá, pàápàá abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, torí kò ní fẹ́ kí ajá rẹ kó ìyọnu bá àwọn tó wà níbẹ̀. Á bi ọ́ pé ta ni dókítà ẹran tó ń tọ́jú ẹ. Bó bá kàn ní "Ẹ mú un wọlé, ẹ má ṣèyọnu," mú ajá rẹ kí o máa lọ. Ẹni tí kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹnìkan ti jáde?

Jẹ́ kí n padà sórí ìtàn náà.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ síbẹ̀ tí mo fi rí i pé ó ń yí padà. Ní gbogbo ìgbà tí o bá mú un wá kí mi lọ́jọ́ ìsinmi, omi ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ bá, yóò sì mu ún bí ẹni tí wọ́n ń lé. Irun ọrùn rẹ̀ ń re. Mo sọ fún ọ, o ní eré ló ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. O tún fẹnu ara rẹ sọ fún mi pé kì í fẹ́ jáde mọ́ láàárọ̀, pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń sá sí, pé o máa ń fà á ni. O ní, "Dádì, ó ti ya ọ̀lẹ." Ọ̀lẹ kọ́ o, Fọláṣadé. Ẹjọ́ ló ń rò fún ọ, o sì ń sọ fún un pé kó yára, bọ́ọ̀sì ń lọ.

Ikán wá jẹ ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi. Mo ní kí n lọ wá pákó lọ́dọ̀ àwọn onípákó tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, lápá Makoko. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, èéfín ẹja ń fẹ́ bọ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan án. Mo ń yẹ pákó wò nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Kì í ṣe gbígbó. Ẹkún ni. Mo yíjú padà, mo rí ajá kan tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ òpó, eruku pákó bò ó láti orí dé ìrù, abọ́ tó wà níwájú ẹ̀ gbẹ táútáú. Òun ló ti mọ̀ mí kí n tó mọ̀ ọ́n.

Àlájì tó ni pákó sáré sí mi. "Bàbá, ẹ rọra o! Ẹ má sún mọ́ ọn, wọ́n ti kọ́ ọ kó máa gé èèyàn jẹ."

Mo ní, "Ajá ta ni?"

"Ti Dókítà kan ni, ní Sùúrùlérè. Ó ń fi yá wa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń jí pákó kó ò jẹ́ ká gbádùn. Òmíràn tún wà lápá ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, dúdú báyìí, tiẹ̀ tún le ju eléyìí lọ."

"Ó sọ fún yín pé tòun ni?"

"Bàbá, ta ni ì bá tún ni í? Ajá ìṣọ́ rẹ̀ ni... Ẹ wò ó, ó mà ń fi ìrù jó fún yín! Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Mo kúnlẹ̀ sínú eruku pákó, mo sì sunkún. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀. Bàbá rẹ, àgbàlagbà ọkùnrin, sunkún láàárín àwọn onípákó, wọ́n sì ń wò mí.

Ibẹ̀ ni mo ti pè ọ́. Mo ní, "Fọláṣadé, Bísíkí ńkọ́?" O rántí ohun tí o fi dá mi lóhùn? O ní, "Ó wà ní jéléósinmi, Dádì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi báyìí báyìí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù kiri orí táìsì. Ó mà ń gbádùn o!" Àdùkẹ́, bí o ti ń sọ̀rọ̀ yẹn ni Bísíkí ń lá ẹsẹ̀ mi. Ọmọkùnrin yẹn ti ya fọ́tò jọ, ó sì ń pín in fún ọ díẹ̀díẹ̀. Ó ń gbowó lọ́wọ́ rẹ kó lè tọ́jú ajá, ó ń gbowó lọ́wọ́ onípákó lórí ajá kan náà, ó sì fi ẹ̀rín sí i. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Nítorí náà, má tún jẹ́ kí fọ́tò ẹnikẹ́ni fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Fọ́tò kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n yà á. Pè wọ́n lórí fídíò lásìkò tí wọn ò retí rẹ, kí o ní kí wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ajá rẹ, kí o pe orúkọ ẹ̀. Bí wọ́n bá ní fóònù ò ní iná, tí wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, dìde níbi iṣẹ́ kí o lọ síbẹ̀.

Mo bá Àlájì sọ ọ̀rọ̀ títí, ó tú ṣéènì fún mi. Oníkẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ ní ajá ò lè wọ kẹ̀kẹ́ òun. Ìkejì ní, "Bàbá, ó dà bíi pé ó ti rẹ ajá yín o. Ẹ gbé e sẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Bí a ṣe délé mi ní Muṣin nìyẹn. Ó mu omi, ó bì í, ó tún mu ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, ìwọ pẹ̀lú mi la jọ lọ sí jéléósinmi yẹn. Bí Káyọ̀dé ṣe rí mi, ó tún dọ̀bálẹ̀, orí sìmẹ́ńtì ọjọ́sí náà. "Dádì, iṣẹ́ Èṣù ni!" Èṣù wo? Èṣù wo ló mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ onípákó? Èṣù wo ló ń to fọ́tò pamọ́ sínú fóònù? Nígbà tó rí i pé Èṣù ò gbà á, ó ní ajá tó bá ń jókòó sábẹ́ fáànù máa ń sanra jù, pé òun kàn ń jẹ́ kó ṣe eré ìdárayá ni. Eré ìdárayá, lórí ṣéènì! Mo gbá ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa yẹn ṣí lọ́jọ́ náà. Àwọn ajá mìíràn wà nínú ẹ̀, nínú òkùnkùn, láìsí fèrèsé. Obìnrin tó ń fọ ibẹ̀ sì gbé ìgbálẹ̀ lásán, gbogbo wọn sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohun tí mo fẹ́ kí o máa wò níbi tí o bá tún lọ nìyẹn. Má bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ jù. Dúró títí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi máa gbé ìgbálẹ̀, kí o wo ohun tí àwọn ajá máa ṣe.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí níbẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀bẹ̀ dé. Alága ẹgbẹ́ ọmọ Iléṣà wá jókòó sí pálọ̀ mi pẹ̀lú àbúrò mi, Àǹtí rẹ Rẹ̀mí. Alága ní ọmọ wa ni Káyọ̀dé, pé bí a bá tú u fó, a ti tú ìlú wa fó. Rẹ̀mí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ o. Ṣé torí ajá lẹ máa fi ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́? Ẹ ní ẹ jẹ èkuru tán, ẹ tún ń gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo."

Mo ní mo ti dárí jì í. Mi ò mú un lọ sí tésàn, mi ò sì ṣépè. Mo wá sọ fún Alága pé kí ọmọ wa náà ṣe ohun kan péré: kó sọ ẹni tó ni ajá dúdú tó wà lẹ́yìn ọ̀dọ̀ onípákó, kí a lè lọ sọ fún un. Alága pè é lójú mi, ó gbé fóònù sí etí, ó bi í. Mo gbọ́ bó ṣe ń kálòlò. Títí di bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, kò tíì sọ ọ́. Ṣé o rí i? Ibi tí a ti ká a mọ́ nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ sí. Ẹni tó bá ronú pìwà dà lóòótọ́ á jẹ́wọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Mo ti padà lọ sọ fún Àlájì pé ẹni ẹlẹ́ni ló ni ajá dúdú náà, ó ti kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ Káyọ̀dé, ó ní òun ò yá ajá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni í ṣì ń gba fọ́tò lójoojúmọ́, ó ṣì ń dúpẹ́.

Ọwọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ dá Bísíkí padà sí, nítorí pé ó wà lọ́nà ibi iṣẹ́ rẹ, àti nítorí pé àgbà bẹ̀ ọ́. Fọláṣadé! Ìdáríjì yàtọ̀ sí ìfọkàntán. Olè lè bẹ̀ ọ́ kí o má ké sí ọlọ́pàá, o sì lè gbà. Kò tìtorí ẹ̀ di ẹni tí ò ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún. Bí àgbà bá bẹ̀ ọ́ nípa ohun tí wọ́n ṣe sí ìwọ fúnra rẹ, gbà fún wọn, ìyẹn ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe sí ohun tí kò lè sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ bá a gbà á? Ṣé ẹnìkan bẹ Bísíkí ni?

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé mọ́, inú tó ń bí mi ti da ònkà rú. Fi ìwọ̀nyí kún un. Lọ sí ibikíbi tí o bá fẹ́ gbé e sí láìsọ fún wọn, ní ọ̀sán, kì í ṣe ní àárọ̀ tí gbogbo ilé máa ń mọ́. Ẹ̀yìn ni kí o gbà. Ti ìka bọ omi tí àwọn ajá ń mu; bí abọ́ bá ń yọ̀, omi àná ni. Béèrè ibi tí wọ́n ń sá sí bí òjò bá dé. Wò ó bóyá wọ́n da ajá ńlá pọ̀ mọ́ kékeré. Wá ẹnìkan tó ti ń gbé ajá lọ síbẹ̀ tipẹ́, kí o fọwọ́ kan ọrùn ajá onítọ̀hún. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, mú Bísíkí débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì mú un débẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni yóò sọ tirẹ̀ fún ọ lẹ́nu géètì. Bó bá fa ọ́ wọlé, ó ti fọwọ́ sí i. Bó bá fìdí jókòó, má fà á.

Títí o fi máa rí irú ibẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. O máa ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí kò so ó mọ́ òpó.

Máa bọ̀ ní Sátidé. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ wá wò ó ni, màá se ìrẹsì, a ó sì jọ jẹun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé o fẹ́ mú un padà síbẹ̀ ni, mi ò ní ṣí géètì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, mi ò tì ọ́ mọ́ ìta rí, ó sì máa dùn mí dé egungun. Síbẹ̀, màá ti géètì náà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ tó ti wà lọ́dọ̀ mi. Ọkùnrin èyíkéyìí tó bá gbọ́wọ́ sókè, yóò sá. Èmi pàápàá, bí mo bá na ọwọ́ láti mú fìlà, yóò wólẹ̀. Ṣùgbọ́n mo pe orúkọ rẹ lánàá nígbà tí mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sáré lọ sí ẹnu géètì, ó dúró, ó ń retí rẹ. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìwọ lo ń fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ìwọ náà lo sì ń wá mú un lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń rántí, ọmọ mi. Má ṣe jẹ́ kó rántí òwúrọ̀.

Èmi bàbá rẹ,
tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ.